Bàtà Ijó Ìyá Mi ní Mpape

Òórùn ọṣẹ ọmọdé ni ó máa ń ṣe mí bẹ́ẹ̀. Mo lè máa wẹ ọmọ mi lọ́wọ́ nínú ilé wa ní Lokogoma, kí ọṣẹ náà máa hó wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ ní àtẹ́lẹwọ́ mi, kí n sì ṣàdédé rí i pé n kò sí ní balùwẹ̀ mọ́. Mo ti padà sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé wa ní Mpape. Ọjọ́ Àìkú ni, a ti ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, mo jókòó lórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá mi. Ó ti bọ́ ẹ̀wù, ó ku síńgílẹ́ẹ̀tì, ó gbé bàtà ìyá mi lé itan, ó ń fi aṣọ funfun nù ún pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bí ẹni ń nu ojú ìkókó. Àfi bí ọmọ mi bá figbe ta pé ọṣẹ ti wọ òun lójú ni n óò tó padà wá.

Ẹ̀yin ọmọ ilé wa, ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́ Yorùbá ju bí ẹ ti ń sọ ọ́ lọ, ẹ máa ń bi mí pé ṣé lóòótọ́ ni wọ́n gbé bàtà Màmá jù sí gọ́tà nígbà kan. Lóòótọ́ ni. Ó ṣojú mi kòrókòró. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ó ṣe ṣẹlẹ̀, nítorí àwọn kan nínú ẹbí ti ń sọ ọ́ báyìí bí ẹni pé àwàdà ni.

Orí òkè kan ní Abuja ni Mpape wà, ibi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta. Bí wọ́n bá fi ẹ̀tù fọ́ òkúta náà, ilẹ̀ á mì, àwo á máa lu ara wọn nínú kọ́bọ́ọ̀dù, lẹ́yìn náà ni eruku funfun á rọra wá sọ̀kalẹ̀ sórí ohun gbogbo: orí aṣọ tí a sá, orí gàrí tí wọ́n ń tà, orí ẹyẹlé. Àwa ọmọ Mpape, bí a bá wẹ̀ tán, a tún ti funfun kí a tó rí ẹ̀wù wọ̀. Ṣùgbọ́n láti ẹnu ọ̀nà wa a máa ń rí òrùlé àwọn olówó Maitama nísàlẹ̀, pẹ̀lú igi wọn àti omi wọn tí kì í dá. A ń wò wọ́n láti òkè bí ẹni pé àwa ni olówó.

Nínú eruku yìí ni ìyá mi ti ní bàtà sátíìnì. Àwọ̀ rẹ̀ dà bí ògì funfun tí a bu mílíìkì sí. Gìgísẹ̀ rẹ̀ kò ga púpọ̀, ó ní okùn kan tó gba ọrùn ẹsẹ̀ kọjá, abẹ́ rẹ̀ sì jẹ́ awọ rírọ̀ tí wọ́n ha ojú rẹ̀ di múlọ́múlọ́, kí ẹsẹ̀ lè máa yọ̀ lórí ilẹ̀ bí ó ti yẹ. Bàtà ijó ni. Kì í fi í lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, kì í fi í lọ sí òde, kì í tilẹ̀ fi í tẹ ilẹ̀ ìta. Sílípáàsì rọ́bà ló máa ń wọ̀ lọ sí ibi ijó, bàtà á wà nínú àpò aṣọ funfun lábẹ́ abíyá rẹ̀.

Utako ni ibi ijó náà, gbọ̀ngàn kan lórí àwọn ṣọ́ọ̀bù, kò jìnnà sí gáréèjì. Obìnrin Okun kan láti Kabba tí gbogbo wa ń pè ní Àǹtí Bọ́lá ló ń kọ́ wọn ní ijó takọtabo, ọkùnrin kan sí obìnrin kan, ọwọ́ nínú ọwọ́. Ọ̀sán Sátidé ni wọ́n ń ṣe é. Wọn kì í ti fèrèsé nítorí ooru, nítorí náà bí orin ṣe ń lọ nínú ilé ni àwọn ọmọ gáréèjì ń pariwo níta pé, “Lọ́kọ́jà! Lọ́kọ́jà! Ó ku ẹnì kan!” Títí di ìsinsìnyí, bí mo bá gbọ́ irú orin bẹ́ẹ̀ tí kò sí ẹni tí ń pe Lọ́kọ́jà, ó máa ń dà bí ẹni pé nǹkan kan dín nínú rẹ̀.

Ìyá mi ló kọ́kọ́ fẹ́ lọ. Tíṣà ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni, ọmọ apá Kabba, obìnrin tó máa ń jó pẹ̀lú ìgbálẹ̀ lọ́wọ́. Bàbá mi tẹ̀ lé e nítorí pé kò fẹ́ kí ọkùnrin mìíràn di ọwọ́ rẹ̀ mú. Èkìtì ni bàbá mi, akọ̀wé ní ọ́fíìsì ìjọba kan, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì sì le bí òpó. Ó tó oṣù mélòó kan kí ó tó yéé tẹ ìyá mi mọ́lẹ̀. Nígbà tí ó wá mọ̀ ọ́n tán, ayọ̀ rẹ̀ kò mọ níwọ̀n. Ó ní kí ẹnì kan tí ń bọ̀ láti òkè òkun bá òun ra bàtà yẹn wá, ó gbé e fún ìyá mi, ó sì sọ pé ẹni tó bá ra ẹṣin ló ń wá koríko fún un. Láti ọjọ́ náà, ìtọ́jú bàtà di iṣẹ́ rẹ̀.

Kò gba ìyá mi láyè kó fọwọ́ kàn án, nítorí ìyá mi máa ń fọ gbogbo nǹkan bí ẹni ń bá a jà. “Sátíìnì kì í ṣe kanfáàsì,” ni Dádì máa ń wí. Búrọ́ọ̀ṣì onírun rírọ̀ ló fi ń gbá eruku òkúta kúrò lójú rẹ̀, ọ̀nà kan ṣoṣo ló sì ń gbá a sí, bí òwú rẹ̀ ṣe sùn, kò ní gbá a padà. Lẹ́yìn náà ni yóò po ọṣẹ ọmọdé mọ́ omi tútù, yóò fún aṣọ funfun títí yóò fi kù díẹ̀ kó gbẹ, yóò sì máa fi tẹ ibi tó dọ̀tí jẹ́jẹ́. Kì í ha á. Kì í rì í sómi. Tíṣù funfun ló fi ń kún inú rẹ̀ kó má bàa wó, nítorí ìwé ìròyìn a máa yọ́ àwọ̀ dúdú sára aṣọ. Ibi òjìji ló ń gbé e sí kó fẹ́. Abẹ́ bàtà nìkan ló ń gba búrọ́ọ̀ṣì onírin, ṣàràṣàrà, kí awọ lè jí padà.

“Bí ẹrẹ̀ bá ta sí i ńkọ́?” Mo bi í léèrè lọ́jọ́ kan.

“Ẹrẹ̀ tútù? Má fọwọ́ kàn án. Fi sílẹ̀ kó gbẹ, kó gbẹ dáadáa. Ìgbà tó bá gbẹ tán ni wàá gbá a. Bí o bá bá a jà ní tútù, inú aṣọ ló máa sá wọ̀.”

Àwọn ará ilé rẹ́rìn-ín títí. Ọkùnrin kan tí a jọ ń gbé inú ọgbà náà dúró níwájú Dádì lọ́jọ́ Àìkú kan, ó ní, “Ọ̀gá, ṣé ìyàwó yín kò lọ́wọ́ ni?” Dádì kò gbójú sókè. Ó ní, “Ó lọ́wọ́. Èmi náà lọ́wọ́. Níbi bàtà yìí, tèmi sàn ju tirẹ̀ lọ.” Ìyá Hausa tó ń gbé ọ̀kánkán wa ló máa ń dùn mọ́ jù. Á ti òkèèrè kí i pé, “Kai! Sannu da aiki!” Dádì á dáhùn pé, “Yauwa.” Ìyá náà á wá yíjú sí yàrá ọkọ tirẹ̀, á sọ gbólóhùn gígùn kan lédè Hausa, ọkọ rẹ̀ á sì ti ilẹ̀kùn.

Bí a bá ti tọ́jú bàtà tán, èmi àti Dádì á jó. Ó ní kí òun má bàa gbàgbé ni. Ṣùgbọ́n nítorí pé ó ń fẹ́ mọ ohun tí ìyá mi ń ṣe nígbà tí òun bá ń fà á síwá sẹ́yìn, ó sábà máa ń ní kí èmi ṣe ọkọ, kí òun ṣe ìyàwó. Á so ìró ìyá mi mọ́ ìdí, á gbé ọwọ́ lé mi léjìká, á ní, “Ó yá, olówó orí mi, mú mi lọ.” Ọ̀kan, èjì, ẹ̀ta. Ọ̀kan, èjì, ẹ̀ta. Bí mo ṣe mọ ìṣísẹ̀ ọkùnrin nìyẹn kí n tó mọ ti obìnrin.

Ọdún tí mo wọ sẹ́kọ́ńdírì ni Dádì kú. Àìsàn náà kò pẹ́. Ó ní orí ń fọ́ òun, a gbé e lọ sí ọsibítù, a kò gbé e padà wálé. A sin ín sí Èkìtì. Ìyá mi ṣe gbogbo ohun tí wọ́n ní kó ṣe. Ó wọ dúdú, ó jókòó sílẹ̀, kò dá ẹnikẹ́ni lóhùn. Ìgbà tí wọ́n ní ó tó kó bọ́ dúdú, ó bọ́ ọ. Àpò funfun wà lókè wọ́dùróòbù ní gbogbo àkókò náà, kò sí ẹni tó wo ọ̀nà ibẹ̀.

Nígbà tó yá, ní Sátidé kan, mo ti ìta wọlé, mo bá a tó jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì, bàtà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ti fẹ́ bu. Àmì wẹ́wẹ́ bíi ti búrẹ́dì ọjọ́ mẹ́ta ti yọ sí etí rẹ̀.

“Bàbá rẹ kò kọ́ mi,” ó wí. “Ṣé o mọ̀ ọ́n?”

Mo ní mo mọ̀ ọ́n. Ìgbà tí mo ṣe é tán, tí sátíìnì tún ń dán, ó wọ̀ ọ́ lórí bẹ́ẹ̀dì, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì síwájú, ó ń wò wọ́n. Kò sunkún. Ó ní, “Èmi á lọ o.” Ó sì lọ. Láti ọ̀sẹ̀ yẹn ló ti ń lọ sí Utako padà, ó ń jó pẹ̀lú Àǹtí Bọ́lá fúnra rẹ̀, nígbà mìíràn pẹ̀lú ọkùnrin tó bá ṣẹ́ kù láìní ẹnìkejì.

Ọ̀rọ̀ dé Adó. Mi ò mọ ẹni tó gbé e lọ. Abuja gbòòrò, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ opó máa ń rí mọ́tò wọ̀ kíákíá. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi, tí a ń pè ní Bàbá Adó, wá bá wa ní Mpape nígbà ọyẹ́ ọdún 2013. Mi ò fẹ́ kí ẹ rò pé ènìyàn burúkú ni. Òun ló rán bàbá mi lọ sílé ìwé. Ó sunkún níbi ìsìnkú rẹ̀ débi pé wọ́n ní láti dì í mú. Ìyá mi kúnlẹ̀ kí i, ó bu omi fún un, ó sì lọ gún iyán. Nígbà náà ni Bàbá Adó rí bàtà lórí fèrèsé, tíṣù nínú rẹ̀, tó ń fẹ́.

“Ìyàwó, kí ni eléyìí?”

“Bàtà mi ni, sà.”

“Bàtà ijó. Àbúrò mi wà nínú ilẹ̀, o sì ń bá ọkùnrin dira mú káàkiri Abuja. Wọ́n sọ fún mi, mo ní irọ́ ni. Opó ilé wa kì í jó.”

Ìyá mi gbé ọmọ odó sílẹ̀. Ó ní, “Bàbá, àbúrò yín ló ra bàtà yẹn. Àbúrò yín ló ń fọ̀ ọ́.”

Bóyá gbólóhùn yẹn ló dùn ún jù, pé àbúrò òun ń fọ bàtà obìnrin. Ó dìde, ó gbá bàtà méjèèjì mú, ó jáde sí iwájú ilé. Gọ́tà tó wà níbẹ̀, omi ìfọṣọ àti omi ìfọwo gbogbo ọgbà ló ń gba ibẹ̀. Ó jù wọ́n sínú rẹ̀, ọ̀kan tẹ̀ lé èkejì. Ariwo tí wọ́n pa kò tó nǹkan. Àwọn aládùúgbò ti yọjú. Ìyá Hausa ọ̀kánkán wa ká ọwọ́ lé orí, ó ní, “Kai, kai, kai.”

Mo rò pé ìyá mi á figbe ta, tàbí kó kúnlẹ̀ bẹ̀bẹ̀. Kò ṣe ìkankan. Ó ká ìró rẹ̀ sókè dé orúnkún, ó sọ̀kalẹ̀ sínú gọ́tà níṣojú gbogbo wọn, ó bẹ̀rẹ̀, ó ki ọwọ́ bọ ẹrẹ̀, ó yọ ọ̀kan, ó wá èkejì títí ó fi rí i. Ó gòkè padà, ẹrẹ̀ dúdú ń ṣàn ní apá rẹ̀ méjèèjì. Ó dúró níwájú Bàbá Adó. Ohùn rẹ̀ kò ga.

“Bàbá, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ni yín. Mo kúnlẹ̀ kí yín nígbà tí ẹ dé, màá kúnlẹ̀ kí yín bí ẹ bá ń lọ. Iyán yín ti fẹ́rẹ̀ẹ́ délẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ mi kò sí lára ohun tí ẹ jogún.”

Bàbá Adó wo àwọn ènìyàn, ó wo ìyá mi, ó mú àpò rẹ̀, ó lọ sùn sílé ọ̀rẹ́ rẹ̀. Àwa méjèèjì la jẹ iyán náà.

Kí a tó jẹun ni ìyá mi ti fẹ́ ri bàtà sínú báàfù omi. Mo figbe ta, “Mọ́mì, ẹ má fi omi kàn án! Dádì ní kó gbẹ.” Ó fi sílẹ̀. A gbé wọn sí òjìji, a ń fi ojú ṣọ́ ẹrẹ̀ bí ó ti ń sán. Ọyẹ́ bá wa ṣiṣẹ́. Òun náà kò fẹ́ràn ohun tútù. Nígbà tó gbẹ tán, mo gbá a, ẹrẹ̀ náà sì ń jábọ́ bí èèpá. Mo ṣe é títí mo fi làágùn. Mo fi ọṣẹ tẹ̀ ẹ́, mo tún omi pò, mo tún un tẹ̀. Mo da pọ́dà sí ibi tí ọ̀rá gọ́tà gbà, mo fi sílẹ̀ kó mu ún, mo gbá a kúrò. Ẹsẹ̀ ọ̀tún padà bọ̀ sípò dáadáa. Ẹsẹ̀ òsì kò padà tán. Àbàwọ́n kan kù ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó dúdú bí ìkùukùu òjò lójú sánmà. Mo tún fẹ́ gbé e, ìyá mi gbà á lọ́wọ́ mi.

“Ó tó,” ó wí. “Kí wọ́n rí i.”

Àǹtí Bọ́lá máa ń ṣe àṣeyẹ ní ìparí ọdún, tọkọtaya kọ̀ọ̀kan á jáde jó lẹ́ẹ̀kan níwájú àlejò. Ó ti bá ìyá mi wá ọkùnrin kan, ẹni jẹ́jẹ́, ó ní kó má dá wà. Ìyá mi dúpẹ́. Ó ní ẹni tó mọ ìṣísẹ̀ ọkọ òun wà nílé. Mo rò pé ó ń ṣeré, títí ó fi mú ṣòkòtò Dádì kan lọ sọ́dọ̀ télọ̀ kó gé e mọ́ mi lẹ́sẹ̀.

Gbọ̀ngàn kún lọ́jọ́ náà. Wọ́n ti gbé àga sí ẹ̀gbẹ́ ògiri, fáànù ń yí láìfẹ́ nǹkan kan. A ti jáde sí àárín, orin ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀, nígbà tí mo rí Bàbá Adó lẹ́nu ọ̀nà, òun àti àgbàlagbà méjì láti inú ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa. Wọ́n wá mú ìyá mi lọ ni. Mo súnmọ́ etí ìyá mi.

“Mọ́mì, Bàbá Adó…”

“Mo ti rí wọn. Gbé orí sókè. Ìwọ ni ọkọ.”

Orin bẹ̀rẹ̀. Mo ṣi ẹsẹ̀ àkọ́kọ́ gbé. Ìyá mi dúró dè mí, kò fà mí, ó kàn dúró, ọwọ́ rẹ̀ lórí èjìká mi, títí mo fi rí ibi tí ó yẹ kí n ti wọlé. Ọ̀kan, èjì, ẹ̀ta. A lọ. A yí gbọ̀ngàn náà po, aṣọ rẹ̀ ń fẹ́, bàtà sátíìnì ń yọ̀ lórí ilẹ̀, èyí tó mọ́ àti èyí tó ní àbàwọ́n. Nígbà tí a dé ọ̀kánkán ẹnu ọ̀nà, níbi tó yẹ kí n ti yí i kúrò lójú wọn, òun ló yí mi, ó sì mú mi gba iwájú wọn gan-an, ó súnmọ́ wọn débi pé etí aṣọ rẹ̀ kan ṣòkòtò Bàbá Adó. Ó tẹ orí ba fún un bí ìyàwó ṣe ń tẹ orí ba fún àgbà ilé ọkọ. Kò dá ẹsẹ̀ dúró.

Níta, wọ́n ń pe Lọ́kọ́jà. Nínú ilé, àwọn ènìyàn ti ń pàtẹ́wọ́ sí i kí orin tó tán. Nígbà tí mo tún wo ẹnu ọ̀nà, kò sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀.

Kò sí àforíjì lẹ́yìn ìyẹn, kí ẹ má retí rẹ̀. Wọ́n yọ ìyá mi kúrò nínú ọ̀rọ̀ ẹbí. Wọ́n ṣe ìgbéyàwó, wọn kò pè wá. Wọ́n ṣe ìrántí bàbá àgbà wa, wọn kò dárúkọ mi mọ́ ọmọ ọmọ. Ó dùn mí. Mo sunkún lórí rẹ̀ ju bí mo ṣe fẹ́ kí ìyá mi mọ̀ lọ. Òun náà sunkún, mo gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n bí Sátidé bá ti dé, á sọ àpò funfun rẹ̀ kọ́ apá, á wọ sílípáàsì, á gba àárín àwọn tí ń wò ó kọjá. Bí a ti ń kó kúrò ní Mpape lọ sí Lokogoma, àwọn obìnrin ti ń wá bá a pé kó kọ́ àwọn náà. Àwọn opó pọ̀ nínú wọn. Pálọ̀ wa ni wọ́n ti ń kọ́ ọ, wọ́n á ká kápẹ́ẹ̀tì sí ẹ̀gbẹ́ kan, wọ́n á máa rẹ́rìn-ín bí ọmọ ilé ìwé.

Gbọ̀ngàn Utako ti di ibi tí wọ́n ti ń ta fóònù. Àǹtí Bọ́lá ti padà sí Kabba. Wọ́n ti kọ́ ilé sórí gọ́tà ọjọ́ yẹn. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, bí bàtà yín bá dọ̀tí, òmíràn lẹ ń béèrè, mi ò dá yín lẹ́bi. Ayé yín ni. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé Màmá jó nítorí pé kò fẹ́ràn ọkọ rẹ̀, tàbí pé kò mọ àṣà. Ó mọ̀ ọ́n. Ó mọ èyí tó ń gbé ènìyàn ró nínú rẹ̀, ó sì mọ èyí tí wọ́n fi ń mú ènìyàn jókòó.

Lọ́dún tó kọjá, ọmọ àbúrò Dádì kan kú ní Èkìtì, ó fi ìyàwó tí ọjọ́ orí rẹ̀ ṣì kéré sílẹ̀. Wọn kò pè wá, ṣùgbọ́n ìyá mi ní òun ń lọ, mo sì wakọ̀ gbé e. Ó wọlé, ó kúnlẹ̀ kí àwọn àgbà lọ́kọ̀ọ̀kan, Bàbá Adó pẹ̀lú, tó ti di arúgbó lórí àga. Ó wá jókòó ti ọmọbìnrin tí ọkọ rẹ̀ kú náà. Àwọn àgbà ti fẹ́ sọ fún un bí yóò ti jókòó sí yàrá, iye ìgbà tí kò ní rí ìta. Ẹni tí wọ́n yàn kó sọ ọ́ húkọ́. Ó wo ìyá mi. Ìyá mi ń wò ó. Ọkùnrin náà tún húkọ́, ó sì padà jókòó láìsọ ọ́.

Ìyá mi yíjú sí ọmọbìnrin náà, ó bi í pé, “Ìwọ, kí lo fẹ́?”

Ọmọbìnrin náà gbójú sókè. Bóyá kò sí ẹni tó ti bi í. Ó ní òun fẹ́ jáde lọ gba afẹ́fẹ́ díẹ̀.

Ìyá mi dìde, ó lọ ṣílẹ̀kùn.